Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kọ́kọ́ se mílíìkì ewúrẹ́ yẹn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín láti ìgbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí, àmọ́ ohun tí mo kà lójú ewé oúnjẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá ò jẹ́ kí n rí oorun sùn dáadáa, mo wá ní kí n tètè kọ̀wé kó tó pẹ́ jù. Ẹni tó kọ ọ́ ní kéèyàn fún mílíìkì ewúrẹ́ sínú ìgò, kó bu ṣíbí yógọ́ọ̀tì méjì sí i, kó gbé e sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ata àti ilá gbẹ, ìyẹn dehydrator, tó bá di ọjọ́ kejì ó ti di yógọ́ọ̀tì. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Kò sọ pé kí wọ́n gbé mílíìkì yẹn kaná. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún gbé e fún ọmọ mi ọkùnrin kó bá mi wò ó, òun náà ò rí i níbẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò bá ẹni tó kọ ọ́ jà. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí àkọlé ẹ̀, torí nǹkan tí èmi náà ń ṣe nílé nìyẹn láti bí ọdún méjì, níbí ní Mọ́níyà, àwọn ará àdúgbò sì máa ń wò mí bíi pé mo ń ṣe nǹkan èèwọ̀. Ewúrẹ́ kún àgbàlá wa, a ń jẹ ẹran ẹ̀, awọ ẹ̀ la fi ń ṣe ìlù dùndún, ìgbẹ́ ẹ̀ là ń dà sóko ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n téèyàn bá ní òun fẹ́ fún ọmú ẹ̀, wọ́n á ní ṣé orí onítọ̀hún pé. Bẹ́ẹ̀ sì ni iye tí wọ́n ń ta mílíìkì alágolo lónìí, kò yẹ kéèyàn máa fojú pa ohun tó wà lẹ́yìnkùlé ẹ̀ rẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ irú nǹkan báyìí lédè wa, oore ló ṣe. Àmọ́ ibi tó fò yẹn ni ibi tí ewu wà, mi ò sì lè dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún ẹni tí ò rí i rí. Ó dà bíi fíríìjì kékeré tó jẹ́ pé ooru ló ń mú jáde dípò òtútù, àwọn àtẹ oníhò wẹ́wẹ́ tò léra nínú ẹ̀, fáànù wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná kọjá lórí ohun téèyàn bá tẹ́ síbẹ̀ títí omi ara ẹ̀ á fi gbẹ. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Houston ló fi tèmi ránṣẹ́, ó ní kí n máa fi gbẹ tàtàṣé pamọ́ de ìgbà tó bá wọ́n ní Bódìjà. Nílé wa, ẹ̀rọ ata la ń pè é. Tí mo bá fẹ́ fi ṣe yógọ́ọ̀tì, màá yọ àwọn àtẹ yẹn kúrò, màá fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ nísàlẹ̀, màá to ìgò sórí ẹ̀ pẹ̀lú ìdérí ẹ̀ kí fáànù má baà fẹ́ omi kúrò lójú ẹ̀, màá wá yí ooru ẹ̀ sí nǹkan bí 43 sí 46 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ooru yẹn gan-an lẹ́jọ́ mi dá lé. Nígbà tí mo wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ọmọ tí ara ẹ̀ bá gbóná dé 40, a máa ń sáré nù ún lómi, a ò ní jókòó. Ẹ̀rọ tó wà ní 46, ìwọ̀n mẹ́fà péré ló fi ju ara ọmọ tí ibà ń ṣe lọ! Kò lè pa kòkòrò àìsàn kankan. Kí kòkòrò tó kú nínú mílíìkì, ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ wà lórí 63 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí kó dé 72 fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mílíìkì ń ṣe nìyẹn. Tí mílíìkì tútù bá wọnú ẹ̀rọ ata, tó lo wákàtí mẹ́jọ nínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, kòkòrò burúkú tó bá wà níbẹ̀ lè máa pọ̀ sí i ní tiẹ̀ kí yógọ́ọ̀tì tó kan. Ẹ̀rọ yìí kì í se nǹkan. Mímú kó móoru nìkan ló mọ̀.

Mo sì mọ ohun tí mò ń sọ nípa mílíìkì ewúrẹ́ tútù. Ní skúlù nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti sọ ìtàn erékùṣù Malta fún wa, tí mi ò gbàgbé títí dòní. Ibà kan wà níbẹ̀ tó ń dá àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀, òógùn, oríkèé ríro, ẹlòmíì á wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù mélòó kan. Ní 1887 ni dókítà sójà kan, David Bruce, ti rí kòkòrò tó ń fà á, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tó ń gbà wọlé, wọ́n ń wá a nínú omi, wọ́n ń wá a nínú eruku. Ìgbà tó di 1905 ni dókítà ọmọ Malta kan, Themistocles Zammit, yẹ ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbá a mú. Àwọn ewúrẹ́ tó ń ta kébékébé o, tí wọ́n ń jẹun, tí ara wọn ń dán, tí kò sí àmì àìsàn kankan lára wọn, wọ́n ń fún ọmú wọn fáwọn sójà mu lójoojúmọ́. Ní 1906 wọ́n ní kò sí sójà tó gbọ́dọ̀ mu mílíìkì ewúrẹ́ mọ́, ibà yẹn sì wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Kòkòrò yẹn ni wọ́n ń pè ní Brucella, wọ́n fi sọ orí Bruce. Ó wà nílẹ̀ wa náà títí dòní, lára màlúù àti ewúrẹ́, tó bá mú èèyàn níbí kíá ni wọ́n á sọ pé malaria ni tàbí táífọ́ọ̀dù, wọ́n á máa gún un lábẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀. Ó lè ba oyún jẹ́ lára aboyún. Ẹ má wo ojú ewúrẹ́ kẹ́ ẹ ní ara ẹ̀ dá, ẹ ò lè mọ̀.

Ẹnì kan lè ní ṣé àwọn baba wa ń gbé nǹkan kaná kí wọ́n tó jẹ́ kó kan ni? Ẹ wò ó, ìyá tó bí mi lọ́mọ, irú ló ń ṣe tà. Á se irúgbá yẹn mọ́jú, á gún un, á fọ èèpo ẹ̀ dànù, á tún un sè, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dà á sínú igbá, á fi ewé bò ó, á fi àpò ìdọ̀họ wé e, á gbé e ti ẹ̀gbẹ́ ààrò tó ṣì ń móoru kó lè jọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ààrò yẹn ni ẹ̀rọ ata tiwa. Kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé irúgbá tútù ti ẹ̀gbẹ́ ààrò kó ní òun ń ṣe irú. Àwọn ìyá oníwàrà tó ń gbé igbá kiri ní Àkìnyẹlé náà, orí iná ni wọ́n ti ń da omi bọ̀mubọ̀mu sí mílíìkì, kó tó dì. Nítorí náà, kì í ṣe àṣà Òyìnbó ni mo ń gbé wá o.

Bí èmi ṣe ń ṣe tèmi rèé. Ọ̀dọ́kùnrin Fúlàní kan tí gáà wọn ò jìnnà sí wa ni mo ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀, ewúrẹ́ pupa Sókótó ni tiẹ̀, ewúrẹ́ kúkúrú tiwa yìí kì í mú mílíìkì tó bẹ́ẹ̀ wá, ìwọ̀nba tó bá mú wá ọmọ ẹ̀ ló ni ín. Mo bá a ṣàdéhùn pé kó máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ọmú ewúrẹ́ náà kó tó fún un, kó fún ìfún mélòó kan àkọ́kọ́ sínú ife ọ̀tọ̀ kó wò ó bóyá ó ní wóro tàbí ẹ̀jẹ̀, kó sì má ṣe so òbúkọ mọ́ wọn, torí mílíìkì máa ń gba òórùn òbúkọ mọ́ra, ìyẹn náà ló sì ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún un. Tó bá ti gbé e dé, màá sẹ́ ẹ, màá gbé ìkòkò ẹ̀ sínú ìkòkò ńlá tí omi wà nínú ẹ̀ kí ìdí ẹ̀ má baà jó, màá tan gáàsì sí i, màá máa rò ó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí tẹmómítà á fi ka 85. Mílíìkì tó bá dé ibẹ̀, ẹ máa rí àwọn hóró kéékèèké tó ń yọ yí etí ìkòkò ká, èéfín á máa rú lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì hó ru. Màá dín iná kù, màá dá a dúró síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni màá gbé ìkòkò ẹ̀ sínú abọ́ omi tútù, màá dúró tì í kó fi wálẹ̀ dé 43, kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 45 lọ, ìgbà yẹn ni màá bu ṣíbí ìjẹun méjì yógọ́ọ̀tì funfun tí kò ní ṣúgà sí lítà kan, màá rò ó pọ̀, ó dinú ìgò, ó dinú ẹ̀rọ.

Yógọ́ọ̀tì tí ẹ máa fi ṣe ìyá ẹ̀, ìyẹn èyí tí ẹ máa bù sínú mílíìkì, ẹ ka ara ike ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó rà á. Kòkòrò rere méjì ló ń ṣiṣẹ́ yìí, Lactobacillus bulgaricus àti Streptococcus thermophilus, àwọn ló ń jẹ ṣúgà inú mílíìkì tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di kíkan tó fi ń dì. Àwọn kan wà lórí igbá tí wọ́n ti gbé yógọ́ọ̀tì náà kaná lẹ́yìn tó dì tán kó lè pẹ́ láìsí fíríìjì, kò sí ohun alààyè kankan nínú ìyẹn mọ́, ẹ ò báà da odindi ike sí i. Àwọn kòkòrò rere yìí náà ló fà á tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn sísè lẹ máa tó fi wọ́n sí i, torí ooru tó pọ̀ á pa àwọn náà.

Èmi fúnra mi pa wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, iná 120 fóòtì ló ń lò, mo ní láti ra tírańsífọ́mà kékeré fún un, nọ́ńbà ojú ẹ̀ sì jẹ́ ti Fahrenheit. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo yí i sí 145 tí mo fi ń gbẹ ata, mi ò ronú kàn án pé 63 ni tiwa nìyẹn. Lítà méjì! Lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ mo ṣí i, ó ṣàn bí omi, ó ṣì dùn bí ìgbà tí mo gbé e wọlé, kò kan rárá, mo dúró síbẹ̀ mo ń wò ó, ó dùn mí. Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀rọ ẹ̀ bá ti Amẹ́ríkà wá, 110 sí 115 ni kó yí i sí, kó sì gbé tẹmómítà sínú ife omi kan nínú ẹ̀rọ yẹn fún wákàtí kan kó tó gbà á gbọ́, torí ohun tí nọ́ńbà ìta ń sọ lè yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú.

Ẹ̀ẹ̀kan tún wà tó jẹ́ pé mo ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ, síbẹ̀ kò dì. Mo pe ọ̀dọ́kùnrin tó ń kó mílíìkì wá, mo bi í pé kí ló ṣe fún ewúrẹ́ yẹn. Ó ní ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, wọ́n sì ti gún un ní tẹtirasáíkílínì ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìdí ẹ̀ nìyẹn! Oògùn tó ń pa kòkòrò burúkú ti wà nínú mílíìkì, ó ń pa kòkòrò yógọ́ọ̀tì, àwa la sì máa mu ìyókù. Mo da gbogbo ẹ̀ nù. Sísè ò lè yọ oògùn yẹn kúrò o, ìyẹn lẹ fi gbọ́dọ̀ bi ẹni tí ẹ ń rà lọ́wọ́ ẹ̀, kó sì dúró pé iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn náà kó tó tún fún ọmú ẹ̀ fún èèyàn mu.

Ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ yẹn ní tiyín á dì gbagidi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ti ewúrẹ́ kì í dì tó ti màlúù, purotéènì tó ń mú un dì kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ má rò pé ẹ ti bà á jẹ́. Sísè yẹn náà ló ń ràn án lọ́wọ́ jù, mílíìkì tó pẹ́ lórí 85 máa ń dì ju èyí tí a kàn gbóná fìrí lọ, ẹ ẹ̀ rí i pé àǹfààní méjì ló wà níbẹ̀. Tó bá pé wákàtí mẹ́fà, mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀, màá tẹ ìgò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, tó bá yí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tó gbọ̀n jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, omi tó mọ́ díẹ̀ á yọ létí ẹ̀, ó ti tó nìyẹn, tí ẹ bá fẹ́ kó kan sí i ẹ fi sílẹ̀ di mẹ́jọ. Ó yẹ kó wọ fíríìjì di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Èyí tí mo bá fẹ́ kó ki, asẹ́ ògì mi ni mo máa ń dà á sí, asẹ́ tuntun tí mi ò fi sẹ́ nǹkan míì, màá so ó rọ̀ nínú fíríìjì fún wákàtí mẹ́ta, omi tó bá ro sílẹ̀ jọ omíkan, mi ò sì ń dà á nù, mo fi ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì.

Ọ̀rọ̀ iná, mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Ẹ̀rọ mi, 500 wáàtì ni. Ká tiẹ̀ ní ó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ láì sinmi, kò ju yúníìtì mẹ́rin lọ, tí a bá fi ₦225 tí wọ́n kéde fún Band A ní April 2024 ṣírò ẹ̀, ₦900 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣiṣẹ́ láì sinmi, torí tó bá ti móoru tó ó máa ń pa ara ẹ̀. Tí NEPA bá mú iná lọ, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀. Tó bá ju ìdajì wákàtí lọ, èmi máa ń sáré kó ìgò yẹn sínú kúlà tí mo ti rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, màá fi aṣọ ìbora wé kúlà náà, á parí iṣẹ́ ẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ò tiẹ̀ ní ẹ̀rọ kankan, kúlà yẹn nìkan tó o. Ẹ̀rọ kọ́ ni baba ìsàlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, sísè ni.

Ohun kan ṣì kù, torí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá kan ní sọ́ọ̀ṣì wa pé òun fẹ́ máa fún ọmọ-ọmọ òun olóṣù mẹ́rin ní mílíìkì ewúrẹ́ torí wọ́n ní ó jọ ọmú ìyá. Rárá o. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan, ọmú ìyá ẹ̀ ni tàbí èyí tí dókítà bá sọ, mílíìkì ewúrẹ́ ò ní fólétì, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó bó ṣe yẹ, ó lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ gbẹ. Ẹni tí mílíìkì màlúù ń bá jà, tó ń jẹ́ kí ara ẹ̀ wú tàbí kó máa sú jáde lára, kó má fi ti ewúrẹ́ dán an wò láì rí dókítà, purotéènì wọn jọra ju bí a ṣe rò lọ. Ẹni tó jẹ́ pé inú ẹ̀ ló kàn máa ń rú tó bá mu mílíìkì, yógọ́ọ̀tì sábà máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn, torí àwọn kòkòrò yẹn ti bá a jẹ díẹ̀ nínú ṣúgà ẹ̀.

Olóòtú, nǹkan méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ìkíní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún àpilẹ̀kọ yẹn tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lójú ewé kan náà, kẹ́ ẹ má fi sí ìsàlẹ̀ ibi tẹ́nì kankan ò ní rí i, kẹ́ ẹ kọ ọ́ gàdàgbà gadagba pé kí wọ́n se mílíìkì ewúrẹ́ dé 85 kó tó wọ ẹ̀rọ. Ẹni tó ti gé tọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ̀ mọ́ ara ògiri kíṣìnì ẹ̀ ni mo ń rò. Ìkejì, láti 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá iléeṣẹ́ mínísírì fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn sílẹ̀, iléeṣẹ́ odindi. Ẹ bá wa bi wọ́n kẹ́ ẹ sì kọ ìdáhùn wọn fún wa, ta ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ wò ní Àkìnyẹlé, èló ni, níbo la lè mú tiwa lọ? Ọ̀dọ́kùnrin tó ń kó mílíìkì wá fún mi ti ní òun ṣe tán láti mú àwọn ewúrẹ́ òun wá fún àyẹ̀wò, òun àti èmi ò kàn mọ ilẹ̀kùn tí a máa kàn ni.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Nọ́ọ̀sì,
Mọ́níyà, Ìbàdàn.